Mo ju réèlì mi sínú ìkòkò tó ń kùn

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látibi tó dùn ná. Mo fi ẹ̀mú kékeré mú wíìlì kan tó jẹ́ ti orí ọkọ̀ ojú irin kékeré mi kan tó ti pẹ́, mo rọra tì í bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ nínú ẹ̀rọ tó ń fi gbígbọ̀n fọ nǹkan, tí wọ́n ń pè ní ultrasonic cleaner, mo yọwọ́, mo tẹ bọ́tìnnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí yànmùyánmú tó há sétí èèyàn, kí n tó ka ení èjì ẹ̀ta nǹkan dúdú kan ti ń tú jáde lára wíìlì yẹn bí èéfín inú ààrò, ó ń wọ́ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò jọ ìdọ̀tí téèyàn fi búrọ́ọ̀ṣì ha kúrò rárá, àfi bíi pé irin yẹn fúnra ẹ̀ ló ń mí in síta. Ńṣe ni mo jókòó tì í tí mò ń wò ó bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé owó tí mo fi ra nǹkan yìí ò ṣòfò. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo fi ẹ̀rọ yìí kan náà ba wágọ́nù kan jẹ́ pátápátá, àmọ́ a máa débẹ̀.

Fún ẹni tí ò bá mọ ohun tí mò ń sọ, rélùwéè kékeré ni mo fi ń najú, ìwọ̀n HO, ìyẹn ni pé ohun tó bá gùn ní mítà 87 lójú ayé, mítà kan péré ló máa gùn nínú tiwa, 16.5 mm ló dẹ̀ wà láàárín réèlì méjèèjì. Ohun tó ń fa gbogbo wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí wáyà kankan tó lọ bá ọkọ̀ yẹn, réèlì fúnra ẹ̀ ni wáyà. Iná á gba ojú réèlì bọ́ sára wíìlì, á kúrò lára wíìlì bọ́ sára irin pẹlẹbẹ kékeré kan tó ń fara ra á, ibẹ̀ ló ti máa lọ bá ẹ́ńjìnnì, á wá gba òdìkejì jáde padà. Gbogbo ibi tí irin ti ń fara kan irin yẹn, bí ìdọ̀tí tí ò nípọn tó irun orí bá ti lè jókòó síbẹ̀, ọkọ̀ dúró nìyẹn. Ẹ á fi ìka tì í, á rìn díẹ̀, á tún dúró, ẹ á tún tì í. Àwọn tó ń lo DCC, níbi tí àṣẹ àti iná jọ ń gba ojú réèlì kan náà, tiwọn tún le jù, torí bí iná bá já fìrí báyìí, ọkọ̀ lè dúró pa síbẹ̀ kó máa wò yín.

Ìdọ̀tí dúdú ojú réèlì yẹn kì í ṣe eruku lásán o. Bí wíìlì ṣe ń yí ni iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ń ṣẹ́ láàárín òun àti réèlì, iná tójú wa kì í sábà rí, ìkọ̀ọ̀kan wọn dẹ̀ ń jó irin díẹ̀, irin tó jó yẹn á pò mọ́ ọ́ìlì tó ń jò látinú jíà, á pò mọ́ eruku, á pò mọ́ ohun tó ń ṣí lára wíìlì oníke, títí á fi di nǹkan bí ọ̀dà. Wíìlì ló wá ń gbé e kiri. Ẹ lè fi gbogbo àárọ̀ ọjọ́ kan nu réèlì títí táá fi máa dán gbinrin, ẹ wá gbé wágọ́nù kan ṣoṣo tí wíìlì ẹ̀ dọ̀tí sórí ẹ̀, kó yí ká lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ ti padà síbi tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀. Ọdún mélòó kan ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, mò ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi, réèlì nìkan ni mò ń nù, mi ò wo ìdí wágọ́nù rí.

Ẹ̀rọ yìí wá. Ìkòkò irin tí kì í dípẹtà ni, wọ́n lẹ nǹkan pẹlẹbẹ kan mọ́ ìdí ẹ̀ látìta, nǹkan yẹn á máa gbọ̀n bí iná bá ti kàn án, tèmi ń gbọ̀n nígbà 40,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí èèyàn kì í gbọ́ kọjá nǹkan bí 20,000, torí náà kíkùn tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yẹn kọ́ ni ìró ẹ̀ gan-an, ariwo tí omi àti ìkòkò ń pa ni. Bó ṣe ń gbọ̀n ló ń fa omi tó tún ń tì í. Bó bá fà á, omi á ya, ìfófó wínníwínní á yọ nínú ẹ̀, bó bá tì í padà ìfófó yẹn á rún wọnú ara ẹ̀, èyí tó bá rún lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin á tu omi sí irin yẹn lára bí abẹ́rẹ́. Ẹyọ kan ò jẹ́ nǹkan kan, àmọ́ wọn ò níye, wọ́n dẹ̀ ń wọ ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kankan ò lè dé, àárín eyín jíà, inú ihò síkúrù, ẹ̀yìn wíìlì níbi tí irin àti ike ti pàdé. Ohun kan náà yìí ló máa ń jẹ abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ ojú omi, táá lu ihò sí i lára, Lord Rayleigh, onímọ̀ físíìsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ló dẹ̀ jókòó ṣírò agbára ìfófó tó ń rún lọ́dún 1917. Ariwo omi tó fẹ́ hó nínú kẹ́tùlù ló kọ́kọ́ mú bàbá yẹn rò ó, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi wá dà pọ̀ mọ́ ọn, èmi ni mò ń jẹ̀gbádùn ẹ̀ lórí wíìlì tí ò fẹ̀ ju èékánná lọ.

Àmọ́ nǹkan tó lè jẹ irin ọkọ̀ ojú omi, ẹ mọ̀ pé kò ní ṣàánú lẹ́tà tí wọ́n kọ sára wágọ́nù yín. Kò mọ ìdọ̀tí yàtọ̀ sí ọ̀ṣọ́. Ohun tó bá ti kàn lẹ̀ mọ́ nǹkan ló ń ṣí, ohun tó bá ti di ara irin fúnra ẹ̀, kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn torí òun ni mi ò mọ̀ tí mo fi jìyà.

Kẹ́ ẹ tó kó nǹkankan sí i, ẹ kọ́kọ́ fi fóìlì dán an wò. Mo gé fóìlì tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e kọ́ sínú omi kó má kan ìsàlẹ̀, mo tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú kan (ẹ má ki ìka bọ omi o, bó bá ti ń ṣiṣẹ́ kò sí ohun tọ́wọ́ ń wá níbẹ̀). Nígbà tí mo yọ ọ́ tí mo gbé e sókè síbi iná, ihò wẹ́wẹ́ ti kún ara ẹ̀ bí ewé tí kòkòrò jẹ, àárín ló pọ̀ sí, igun apá òsì kò ní ẹyọ kan. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé ẹni tó bá kó wíìlì sí igun yẹn ń fàkókò ṣòfò ni. Ohun kejì, omi tuntun ní afẹ́fẹ́ nínú, afẹ́fẹ́ yẹn dẹ̀ máa ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lásán fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, mo bú ẹ̀rọ yẹn tẹ̀gàntẹ̀gàn, mo ní gbàrọgùdù ni wọ́n tà fún mi, àṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò.

Ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ ni mò ń kán sí i, ẹ̀kán mẹ́ta mẹ́rin, kò nílò kó pọ̀. Omi á lọ́ tó 40°C bí ike bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ fọ̀, bó bá jẹ́ irin nìkan mo lè gbé e dé 50. Ohunkóhun tó bá ní ammonia nínú, ẹ gbé e jìnnà sí idẹ. Ọtí isopropyl tàbí kẹrosíìnì nínú ìkòkò yẹn ńkọ́? Rárá o, rárá ni. Ẹ̀rọ tó ń gbóná, tí iná ń wọ̀, kẹ́ ẹ wá da ohun tó ń gbaná sínú ẹ̀ kó máa fẹ́ òórùn kiri yàrá! Mo rí ẹni tó ṣe fídíò ẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ó yá, réèlì, torí réèlì gan-an ni mo ṣe ra ẹ̀rọ yìí. Mo ti ra páálí kan tó kún fún réèlì àlòkù, àwọn kan jẹ́ idẹ, àwọn kan jẹ́ nickel silver, ìyẹn bàbà àti nickel àti síǹkì tí wọ́n yọ́ pọ̀, ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ tàn yín, kò sí fàdákà kankan níbẹ̀. Eruku, irun, òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wàhálà kìíní, ìkòkò mi gba lítà méjì péré, èyí tó gùn ju 14 cm lọ ò lè tẹ́jú sínú ẹ̀. Réèlì gígùn tó ṣe é tẹ̀ yẹn, tó máa ń jẹ́ 914 mm, ẹ má wulẹ̀ dà á rò. Èyí tẹ́ ẹ dẹ̀ ti kàn mọ́ pátákó, ṣé ẹ máa tú gbogbo ìlú tẹ́ ẹ kọ́ ni?

Mo kó àwọn kéékèèké sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gọ́ọ̀mù ti rọ̀, òkúta ń já bọ́ sísàlẹ̀ ko, ko, ko, omi ti dàbí àgbàrá. Mo yọ wọ́n, mo ṣàn wọ́n, ike ìdí wọn dúdú bíi tuntun, inú mi dùn débi tí mo fi ya fọ́tò. Mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo gbé ọkọ̀ lé e, mo tan iná. Ọkọ̀ rìn dé orí idẹ àkọ́kọ́, ó ṣe gìrì, ó dúró. Mo kó wọn padà sínú omi, ogún ìṣẹ́jú lọ́tẹ̀ yìí. Ibi pẹlẹbẹ náà la tún bá ọ̀bẹ lélẹ̀, idẹ yẹn ṣì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bó ṣe wà. Ìgbà tí mo wá fi èékánná ha á ló yé mi pé àwọ̀ yẹn ò lẹ̀ mọ́ nǹkankan, irin fúnra ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti sọ dà. Ìfófó ò lè ṣí i bí omi ò ṣe lè fọ àwọ̀ kúrò lára èèyàn. Írésà líle ni mo fi yọ ọ́ nígbẹ̀yìn, ọwọ́ ni, òógùn ni, ẹ̀rọ kankan ò bá mi dá sí i.

Torí náà, réèlì tó wà lórí pátákó, aṣọ funfun ni mò ń lò, mo máa ń fi kẹrosíìnì díẹ̀ tọ́ ọ, mo ṣí fèrèsé sílẹ̀, mo nù ún, mo tún fi aṣọ gbígbẹ nù ún títí kò fi sí ọ̀rinrin mọ́ kí n tó tan iná. Tẹ́lẹ̀ ọtí isopropyl ni. Òun náà ń fọ̀ ọ́, àmọ́ lórí pátákó tèmi réèlì tètè ń dúdú padà lẹ́yìn ẹ̀ ju ti kẹrosíìnì lọ. Sandpaper ńkọ́? Ilà tó máa fà sójú réèlì ni ìdọ̀tí tuntun máa fi ṣe ilé. Irin híhun tí wọ́n fi ń ha ìkòkò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, fọ́nrán ẹ̀ á já, mágnẹ́ẹ̀tì inú ẹ́ńjìnnì á fà á wọlé, ẹ ti pa ọkọ̀ nìyẹn.

Ibi tí ìkòkò yìí ti wá gba ìyìn lọ́wọ́ mi ni àwọn nǹkan wẹ́wẹ́. Irin kékeré tó ń so réèlì méjì pọ̀, ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tí a máa ń sọ nù tí a ń ra òmíràn torí inú ẹ̀ ti dí. Iná ń gba ibẹ̀ kọjá o, bí inú ẹ̀ bá dí, ìdajì pátákó yín lè kú láìmọ ibi tó ti wá. Mo da bí ogójì wọn sínú asẹ́ tíì kan, mo gbé asẹ́ yẹn kọ́ sínú omi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omi tó jáde níbẹ̀ dúdú ju ohun tí mo rí lára gbogbo réèlì yẹn lọ. Asẹ́ tíì yẹn ni kẹ́ ẹ rà, torí ihò apẹ̀rẹ̀ tó bá ẹ̀rọ wá ti fẹ̀ jù, síkúrù mi méjì ló gba ibẹ̀ jábọ́ sí ìdí ìkòkò tí wọ́n ń jó níbẹ̀, nǹkan tó bá ń jó lójú irin ìkòkò báyẹn á máa ha á ni.

Ibi tí réèlì ti máa ń yà náà dùn ún fọ̀, pàápàá àárín méjì tó máa ń ṣí tó máa ń pa dé, bẹ́ ẹ bá ti yọ ẹ̀rọ iná tó ń tì í kúrò. Jíà ńkọ́, gíríìsì tó ti pẹ́ lára ẹ̀ máa ń le bí ìda, búrọ́ọ̀ṣì kàn máa ń tẹ̀ ẹ́ wọlé sí i ni. Nínú omi, ńṣe ló ń ṣí kúrò láàárín eyín kọ̀ọ̀kan. Mo fi gíláàsì ìmúǹkan-tóbi wò ó lẹ́yìn náà, ó mọ́ dé ìdí eyín.

Wíìlì orí ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ rọ́bà tó wé mọ́ ọn. Bó bá dẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ ayé àtijọ́ tó ń fi oru omi gbígbóná rìn, èyí tí ọ̀pá so wíìlì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má fa wíìlì yọ lára ọ̀pá àárín ẹ̀ o! Tọ̀tún àti tòsì ò dọ́gba, ìwọ̀n dígírì 90 ni wọ́n fi yàtọ̀ síra, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ ẹ bá fà á yọ tẹ́ ẹ fojú díwọ̀n tò ó padà, ọkọ̀ á máa tiro. Ẹ jù ú sínú omi tòun ti ọ̀pá àárín ẹ̀. Mi ò ní sọ iye ọjọ́ tí mo fi tún tèmi ṣe.

Ó kan wágọ́nù yẹn báyìí. Ara ẹ̀ ti bu eruku, mo ní ṣebí ìṣẹ́jú mélòó kan ni, mo gbé odindi ẹ̀ sínú omi, mo lọ dáhùn fóònù. Ọ̀rọ̀ gùn. Nígbà tí mo padà dé, nọ́ńbà wágọ́nù yẹn ń léfòó lójú omi, ó pé pérépéré, mo lè kà á, ó ń yí díẹ̀díẹ̀ nítorí gbígbọ̀n yẹn. Wágọ́nù wà nísàlẹ̀, ó mọ́ tónítóní, kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà, ọ̀dà ti ń ṣí létí. Ẹ rántí gbólóhùn yẹn: ohun tó lẹ̀ ló ń ṣí. Àwọ̀ idẹ tí mo fẹ́ kó lọ kò lọ, nọ́ńbà tí mo fẹ́ kó dúró ló bá omi lọ.

Ti síǹkì tún wà. Àwọn ọkọ̀ tó ti pẹ́, wọ́n da ara wọn pẹ̀lú síǹkì, nígbà míì òjé díẹ̀ ti wọ inú ẹ̀ láìmọ̀, bọ́dún bá ti ń gorí ọdún irin yẹn á máa sán látinú wá. Mo fi irin tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ wúwo kan sínú omi, ẹyọ kan ló wọlé, mẹ́ta ló jáde. Ẹ̀rọ kọ́ ló pa á, ó ti kú tipẹ́, ìfófó kàn wá kéde òkú ni. Ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú, àti bọ́ọ̀dù DCC, mo mọ àwọn tó ń fi wọ́n sí i tí wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Kí Ọlọ́run máa bá wọn ṣọ́ ọ. Tèmi, owú tó rọ ni mo fi ń nù ún.

Lẹ́yìn fífọ̀ ni iṣẹ́ tó pọ̀ wà. Omi tí wọ́n sè sọ di oru tí wọ́n tún gbà padà, distilled yẹn, òun ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án kó má fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ ẹ lórí ìwọ̀n tí ò gbóná. Ẹ má sọ pé á gbẹ bó bá dàárọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sùn, mo jí, àwọn ọ̀pá irin àárín wíìlì ti pọ́n bí osùn. Lẹ́yìn náà ọ́ìlì, torí ẹ̀rọ yìí ti kó ti burúkú ó ti kó ti rere, kò sí ọ́ìlì kankan mọ́ níbikíbi. Orí abẹ́rẹ́ ni mo fi ń kán an, ẹ̀kán tí ò tó orí ìdin, bó bá pọ̀ á ṣàn dé ojú réèlì, ẹ mọ ohun tó kàn. Ọjọ́ tí mo gbàgbé, orí ọkọ̀ yẹn ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dè.

Alẹ́ àná ni mo tò ó tán. Mo pa iná yàrá kí n lè rí bóyá wíìlì ṣì ń ṣẹ́ná, mo jẹ́ kó máa rá lọ lórí iná tó kéré jù. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá pa iná báyìí, búlúù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni mo máa ń rí nídìí ẹ̀ gbogbo ibi tó bá ń lọ. Lánàá mo ka ẹ̀ẹ̀mẹta péré nínú odindi ìyípo kan, méjì nínú ẹ̀ jẹ́ lórí idẹ yẹn. Ó gba ibi tí réèlì ti yà kọjá láìdúró. Wágọ́nù tí ò ní nọ́ńbà ni mo so mọ́ ọn lẹ́yìn, nọ́ńbà ẹ̀ wà nínú ìwé kan tí mo sá a sí, ó ti gbẹ, ó ti ká kò díẹ̀ létí.